Fáànù Tí Kò Yí, Sẹ́ńsọ̀ Tí Wọ́n Ń Fẹ̀sùn Kàn: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Wáyà Jíìpù

Iṣẹ́ réwáyà, ìyẹn títún iná àti wáyà ọkọ̀ ṣe, ni mò ń ṣe ní Òṣogbo, jíìpù tó ń lọ oko, tó ń gun òkè, tó ń wọ ẹrẹ̀ ló sì pọ̀ jù nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé wá bá mi. Ìbéèrè kan náà làwọn oníbàárà, awakọ̀ àtàwọn ọmọ iṣẹ́ ń bi mí lójoojúmọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi kó wọn jọ síbí. Ohun kan ni mo ń bẹ̀ yín fún: ẹ fi mítà wọn ohun tí ẹ ń fura sí kí ẹ tó lọ ra òmíràn.

Ọ̀gá, kí ni iṣẹ́ sẹ́ńsọ̀ ìgbóná, kí ló sì pa òun àti fáànù pọ̀?

Sẹ́ńsọ̀ náà kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Ibi tí omi ń gbà kọjá lára ẹ́ńjìnnì ni wọ́n dè é mọ́: ìdí rẹ̀ wà nínú omi, orí rẹ̀ tí wáyà wọ̀ wà níta. Òun ló ń sọ bí omi ṣe gbóná tó fún brain box, ìyẹn ọpọlọ ọkọ̀. Ọpọlọ ọkọ̀ á pàṣẹ fún rílè, ìyẹn súìṣì tí iná kékeré ń tẹ̀, rílè á ṣílẹ̀kùn fún iná bátìrì, fáànù á wá yí, á sì máa fa atẹ́gùn gba àárín rédíétọ̀ níbi tí omi ẹ́ńjìnnì ti ń tutù. Nínú ọ̀pọ̀ jíìpù oníbẹntiróòlù, omi á ti gbóná tó bíi dígíríì 90 sí 100 kí èyí tó ṣẹlẹ̀.

Tí ẹ bá ń sáré lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán, atẹ́gùn iwájú nìkan tó rédíétọ̀. Inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọlá-Ìyá, àti ojú ọ̀nà oko tí ẹ ti ń wọ́ bí ìgbín nínú jíà kìn-ín-ní, ni fáànù ti ń gba ẹ̀mí ẹ́ńjìnnì là. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ kan fi lè lọ Ìbàdàn kó sì bọ̀ láìsí wàhálà, kó wá hó nígbà tó bá wọ Òkè-Fìà nínú Òṣogbo níbí.

Mi ò rí fáànù oníná kankan lára jíìpù mi. Ṣé wọ́n ti yọ ọ́ tà ni?

Ó ṣeé ṣe kó má ní in láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Hilux, Land Cruiser àti Pajero ayé àtijọ́ máa ń lo fáànù tí bẹ́ẹ̀tì ń yí níwájú ẹ́ńjìnnì. Ọ̀rá kan wà nínú ìdí rẹ̀ tó máa ń dì í mú nígbà tí ooru bá pọ̀, tó sì máa ń tú u sílẹ̀ nígbà tí ara bá tutù. Bí ẹ bá rí fáànù oníná kékeré kan níwájú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ti ẹ̀rọ amúlétutù ni.

Kò gba mítà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná dáadáa, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ sápò, kí ẹ fi ọwọ́ yí fáànù náà. Ó yẹ kó wúwo lọ́wọ́. Bó bá ń yí fìrìfìrì lẹ́ẹ̀mẹrin lẹ́ẹ̀márùn-ún kó tó dúró, tàbí tí ẹ bá rí ọ̀rá àti eruku tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, ìdí náà ti kú. Ẹ má ṣe na ọwọ́ síbẹ̀ rárá nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́.

Irinṣẹ́ wo ni mo nílò?

Mítà kan tó ń ka fólítì (agbára tó ń ti iná) àti óòmù (bí nǹkan ṣe ń dènà iná tó), tẹ́sítà onígílóòbù, wáyà méjì tó nípọn tí ẹ fi fíúùsì sí àárín ọ̀kan, àti ẹ̀rọ sikáànì kékeré tó ń ka ohun tó wà nínú ọpọlọ ọkọ̀, tó sì ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Mítà olówó pọ́ọ́kú tó fún iṣẹ́ yìí. Tẹ́sítà wà fún rílè, fíúùsì àti fáànù nìkan. Ẹ má fi gún wáyà sẹ́ńsọ̀ tàbí ti ọpọlọ ọkọ̀, gílóòbù rẹ̀ ń fa iná ju ohun tí wọ́n lè gbé lọ.

Mo ti rí mítà tó jóná nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí: ihò tí wọ́n kọ 10A sí lára mítà kò lè gba iná fáànù. Fáànù rédíétọ̀ lè fa 10 sí 20 ámpù (ìwọ̀n iná tó ń ṣàn), ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbéra. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ámpù tó ń fà, mítà tó ń há wáyà lẹ́nu bí ẹ̀mú lẹ ó lò, kó sì jẹ́ irú èyí tó lè ka iná bátìrì.

Fáànù ò yí, ọkọ̀ ń gbóná. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi omi, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù kí ẹ tó ṣí i. Omi inú rédíétọ̀ kì í hó ní dígíríì 100 bíi ti ìkòkò ẹ̀kọ, nítorí ọmọrí rẹ̀ dì í mú; ó lè kọjá dígíríì 110 kó ṣì wà ní jẹ́ẹ́. Ẹni tó bá ṣí i ní gbígbóná, omi náà á tú jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sí ojú àti àyà rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan ọ́ọ̀sì òkè ná. Bó bá le gbandi tó sì ń jóni, ẹ ní sùúrù.

Bí omi bá pé, ẹ sítáàtì ọkọ̀ kí ẹ tan ẹ̀rọ amúlétutù. Nínú ọ̀pọ̀ jíìpù oníbẹntiróòlù, fáànù gbọ́dọ̀ yí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bó bá yí, fáànù, fíúùsì àti ẹ́ọ̀tì rẹ̀ (ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì) kò kú, ẹ kọjú sí sẹ́ńsọ̀ àti wáyà rẹ̀. Bí kò bá yí, ẹ lọ wo fíúùsì, lẹ́yìn náà rílè, lẹ́yìn náà fáànù fúnra rẹ̀. Ìdánwò yìí kò náni ní kọ́bọ̀, òun ni mo sì fi ń ya iṣẹ́ sí méjì kí n tó mú ohunkóhun jáde nínú àpótí mi.

Ẹ má fi ojú lásán wo fíúùsì. Ẹ gbé mítà sí fólítì, ẹ fi ọwọ́ dúdú mítà kan ẹ́ọ̀tì, kí ẹ fi ọwọ́ pupa rẹ̀ kan irin kékeré méjèèjì tó yọ lórí fíúùsì. Ó gbọ́dọ̀ ka bíi 12 ní méjèèjì. Bó bá ka 12 ní apá kan, tó ka òdo ní ìkejì, ó ti já.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé fáànù fúnra rẹ̀ ló kú?

Ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí ẹ fi wáyà méjì tó nípọn gbé iná wá tààrà láti bátìrì, pẹ̀lú fíúùsì 30 láàárín. Bó bá fò sókè tó yí láìsí ariwo, ó wà láàyè. Bó bá ń lọ́ra, tó ń han, tàbí tó ní láti gba ìkúùkù kó tó gbéra, káábọ̀nù inú rẹ̀ ti jẹ tán. Ìkúùkù yẹn lè gbé yín délé lónìí, ṣùgbọ́n kò ní ṣiṣẹ́ títí.

Bí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á fi bátìrì dán an wò lójú yín, kí ẹ sì fi ọwọ́ mi abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Bó bá ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Rílè mi ń dún "ká". Ó dáa nìyẹn, àbí?

Dídún yẹn kò tó láti fi jẹ́rìí sí i. Ohun tó ń dún ni kọ́ìlì tó ń fa irin mọ́ra. Ojú irin tí iná fáànù ń gbà kọjá lè ti jó dúdú, kó máa dún "ká" kó má sì gbé nǹkan kan kọjá.

Ẹ wo ìdí rílè, nọ́ńbà wà níbẹ̀ lára ọ̀pọ̀ wọn: 85 àti 86 ni kọ́ìlì, 30 ni ibi tí iná bátìrì ti ń wọlé, 87 ni ibi tó ń gbà lọ sí fáànù. Ẹ wọn óòmù láàárín 85 àti 86, ó máa ń wà láàárín bíi 50 sí 120. Lẹ́yìn náà ẹ gbé iná bátìrì sí kọ́ìlì náà, kí ẹ wọn 30 sí 87: ó gbọ́dọ̀ súnmọ́ òdo óòmù. Bí àyè bá há, ẹ yọ rílè kúrò, kí ẹ fi wáyà nínípọn tó ní fíúùsì so ihò 30 mọ́ ihò 87. Bí fáànù bá yí, ọ̀nà iná ńlá dáa, ẹ padà sẹ́yìn sí rílè àti ẹni tó ń pàṣẹ fún un.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọn sẹ́ńsọ̀ ìgbóná?

Bí ooru bá ṣe ń pọ̀ ni óòmù rẹ̀ ń dínkù. Ní dígíríì 20, ọ̀pọ̀ wọn máa ń wà láàárín 2,000 sí 3,000 óòmù. Ní dígíríì 80, á ti já wálẹ̀ sí bíi 200 sí 400.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Mo máa ń yọ ọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, mo á fi wáyà gbé e kọ́ sínú ìkòkò kékeré lórí sítóòfù kí ìdí rẹ̀ wọ omi, kí orí rẹ̀ wà ní gbígbẹ, kó má sì kan ìsàlẹ̀ ìkòkò. Tẹmọ́mítà á wà nínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ mítà méjèèjì á há ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Sẹ́ńsọ̀ Toyota tó dáa máa ń ka bíi 1,650 nígbà tí omi bá wà ní dígíríì 30. Tí omi bá dé 50, ó ti wà ní bíi 800. Tí hóhó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ní ìsàlẹ̀ ìkòkò, ní nǹkan bíi 80, á ti sọ̀ kalẹ̀ sí 320.

Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Ó gbọ́dọ̀ máa sọ̀ jẹ́jẹ́ láìdúró. Bó bá dúró sójú kan, tó fò láti 900 sí òdo, tàbí tó fi OL hàn (ìyẹn pé ọ̀nà inú rẹ̀ ti já), ẹ jù ú nù. Àwọn kan máa ń ka dáadáa ní tútù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́ ní dígíríì 70, ìyẹn ni wíwọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní tútù kò fi tó.

Mo pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀, ọwọ́ atọ́ka dáṣíbọ́ọ̀dù ò yí padà. Kí ló dé?

Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti pààrọ̀ èyí tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ jíìpù ló ní méjì: èyí tó ní wáyà méjì ń bá ọpọlọ ọkọ̀ sọ̀rọ̀, èyí tó ní wáyà kan ṣoṣo ń bá atọ́ka sọ̀rọ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ mìíràn, ẹyọ kan ló ń ṣe méjèèjì.

Ara irin ẹ́ńjìnnì ni èyí tó ní wáyà kan ti ń gba ẹ́ọ̀tì. Bí mẹkáníìkì bá fi téèpù funfun wé ẹnu rẹ̀ gbọọrọ kó má baà jò, téèpù náà lè gé ẹ́ọ̀tì rẹ̀, atọ́ka á sì máa sọ pé ọkọ̀ tutù nígbà tó ń jó. Ẹ wọn óòmù láti ara sẹ́ńsọ̀ sí orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, ó gbọ́dọ̀ súnmọ́ òdo.

Atọ́ka mi já wálẹ̀ lójijì nígbà tí ọkọ̀ ń gbóná. Ṣé ó ti tutù nìyẹn?

Rárá o. Ẹ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Inú omi ni sẹ́ńsọ̀ ti ń rí òótọ́. Bí omi bá jò tán, afẹ́fẹ́ ló kù ní ìdí rẹ̀, á sì máa ka ìgbóná tó kéré sí ti irin tó yí i ká. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ló ti nọ́ọ̀kì nítorí pé awakọ̀ rí atọ́ka tó sọ̀ kalẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì ń wà á lọ.

Bákan náà lọ́rọ̀ rí tí wọ́n bá da omi tuntun sí i tí afẹ́fẹ́ sì há sínú. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ láti ìgbà tó ti tutù pẹ̀lú ọmọrí ní ṣíṣí, iwájú ọkọ̀ sí òkè díẹ̀, títí hóhó fi máa tán.

Ọkọ̀ mi ti pẹ́, kò ní ọpọlọ tó ń pàṣẹ fún fáànù. Báwo ni kí n ṣe dán an wò?

Súìṣì ìgbóná ni tiyín, ó sábà máa ń wà lára rédíétọ̀ tàbí nítòsí rẹ̀. Àwọn kan máa ń so pọ̀ nígbà tí omi bá gbóná. Ti àwọn Toyota àtijọ́ kan yàtọ̀: ó máa ń so pọ̀ ní tútù, á já ní gbígbóná ní bíi dígíríì 93, jíjá yẹn ló sì ń jẹ́ kí fáànù yí.

Nítorí náà, ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà ní ON. Bí fáànù bá yí, irú kejì ni. Bí kò bá yí, ẹ fi wáyà so ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì pọ̀. Bó bá jẹ́ wáyà kan, ẹ so ó mọ́ ẹ́ọ̀tì. Bó bá yí nígbà náà, wáyà àti rílè dáa, súìṣì ló kù tí ẹ máa wọ̀n.

Sikáànì gbé nọ́ńbà àṣìṣe P0118 jáde. Ṣé kí n lọ ra sẹ́ńsọ̀?

Ẹ má tíì lọ. P0118 ń sọ pé iná ojú sẹ́ńsọ̀ ga jù, ohun tó sì sábà ń fà á ni ọ̀nà tó já níbì kan. P0117 ni òdìkejì rẹ̀: ọ̀nà náà ti kan ẹ́ọ̀tì. Sẹ́ńsọ̀ lè fa méjèèjì, wáyà náà lè fà á.

Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ló máa ń yanjú ẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ẹ so sikáànì mọ́ ọkọ̀, kọ́kọ́rọ́ ní ON, kí ẹ ṣí ibi tí wọ́n ti ń ka ìgbóná omi. Ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀ oníwáyà méjì náà: nọ́ńbà gbọ́dọ̀ já lọ sí dígíríì 40 lábẹ́ òdo nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, fáànù sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra rẹ̀ nítorí pé ọpọlọ ọkọ̀ ti fòyà. Ẹ wá fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ so ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì pọ̀: nọ́ńbà á fò lọ sókè ju 120 lọ. Bó bá dáhùn sí méjèèjì bẹ́ẹ̀, wáyà dáa, ọpọlọ ọkọ̀ dáa, ẹ lè ra sẹ́ńsọ̀ pẹ̀lú ọkàn balẹ̀. Bí kò bá yí padà, sẹ́ńsọ̀ tuntun mẹ́wàá kò ní ṣe nǹkan kan fún yín.

Mítà náà lè sọ ọ́. Nígbà tí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà ní yíyọ, ihò méjèèjì gbọ́dọ̀ fún yín ní nǹkan bíi fólítì 5. Ẹ má ṣe so ihò sẹ́ńsọ̀ oníwáyà mẹ́ta pọ̀ báyìí o, ẹ lè ba ọpọlọ ọkọ̀ jẹ́.

Mẹkáníìkì ní kí a so fáànù ní "dáírẹ́ẹ̀tì" kó máa yí nígbà gbogbo. Ṣé kí n gbà?

Ẹ má gbà, àfi tí ẹ bá wà lójú ọ̀nà tí ẹ kàn fẹ́ délé. Àṣà yìí ti tàn kálẹ̀ débi pé àwọn ọmọ iṣẹ́ kan rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe ọkọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń dùn mí, nítorí àìsàn ọkọ̀ ni wọ́n ń bò mọ́lẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ tó ń purọ́ fún fáànù ń purọ́ fún ẹ̀rọ tó ń pín epo náà. Fáànù á yí, epo á máa jó dànù, ẹ ò sì ní mọ ibi tó ń gbà lọ.

Wáyà tí wọ́n ń lò tún ń dẹ́rù bà mí. Mo ti ṣí dáṣíbọ́ọ̀dù jíìpù kan tí wọ́n fa iná fáànù láti ẹ̀yìn kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ pẹ̀lú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lò fún gbohùngbohùn, kò ní fíúùsì, kò ní rílè. Rọ́bà ara wáyà náà ti yọ́ mọ́ ti ẹgbẹ́ rẹ̀, ó dúdú, ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ọmọ ni wọ́n máa ń fi ọkọ̀ yẹn gbé lọ sí iléèwé.

Bó bá di dandan kí ẹ ní súìṣì tí ẹ ó máa tẹ̀ fúnra yín, fún àpẹẹrẹ láti pa fáànù kí ẹ tó wọ odò, ẹ jẹ́ kí súìṣì náà máa pàṣẹ fún rílè nìkan, kí iná fáànù wá láti bátìrì gba inú fíúùsì àti wáyà tó nípọn.

Wọ́n ti yọ tẹmọ́sítáàtì mi nítorí "ilẹ̀ wa gbóná". Ṣé ó kan fáànù?

Ó kàn án gan-an. Tẹmọ́sítáàtì máa ń dá omi dúró nínú ẹ́ńjìnnì títí ìgbóná rẹ̀ fi máa tó; ọ̀pọ̀ wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láàárín dígíríì 80 sí 90. Ooru Òṣogbo kì í dé ìdajì ìyẹn. Bí ẹ bá yọ ọ́, omi á máa sáré yí ká láìgbóná tó, pàápàá láàárọ̀ ọyẹ́, ọpọlọ ọkọ̀ á máa da epo púpọ̀ sí i, sikáànì á gbé P0128 jáde, ìyẹn pé omi kò gbóná tó. Ẹ ó wá máa bínú sí fáànù pé kò yí, nígbà tí omi kò tíì dé ibi tó yẹ kó yí.

Fáànù ń yí dáadáa, ọkọ̀ ṣì ń gbóná.

Ẹ yẹ ẹrẹ̀ wò. Jíìpù tó ń bọ̀ láti oko lè gbé ẹrẹ̀ gbígbẹ àti irúgbìn koríko há sáàárín rédíétọ̀ àti ẹ̀rọ amúlétutù, níbi tí ojú ò tó. Ẹ fi omi jẹ́jẹ́ fọ̀ ọ́ láti apá ẹ́ńjìnnì jáde síwájú. Omi alágbára á tẹ irin pẹlẹbẹ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú bébà pẹlẹbẹ kan síwájú rédíétọ̀ nígbà tí fáànù ń yí. Ó gbọ́dọ̀ fà á mọ́ra. Bó bá ń tì í dànù, ẹnìkan ti so wáyà fáànù ní òdìkejì, ó ń yí sẹ́yìn. Bí ìwọ̀nyí bá dáa, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ réwáyà: ọmọrí rédíétọ̀, pọ́ǹpù omi tàbí tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì (gáskẹ́ẹ̀tì abẹ́ orí ẹ́ńjìnnì) ni.

Ṣé fáànù lè bàjẹ́ tí mo bá gba odò kọjá?

Bẹ́ẹ̀ ni. Bó bá ń yí nígbà tí omi dé abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, omi á tẹ abẹ̀bẹ̀ náà síwájú, ó lè ya rédíétọ̀. Ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù kí ẹ tó wọ odò náà, kí ẹ rọra wọ̀ ọ́. Tí ẹ bá délé, ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì fáànù kí ẹ gbọn omi inú rẹ̀ jáde. Omi tó bá sùn síbẹ̀ ló ń di ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé tó ń jẹ bàbà.

Kọ́kọ́rọ́ ti kúrò, fáànù ò dúró.

Àwọn ọkọ̀ kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kò sí láburú. Bó bá ń yí títí bátìrì fi kú, ẹ fa rílè yọ. Ẹ fi óòmù wọn 30 sí 87 lára rílè tó wà lọ́wọ́ yín: bó bá so pọ̀, ojú irin inú rẹ̀ ti jó lẹ̀ mọ́ra.

Mítà ka 12 ní ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì, fáànù ò sì fẹ́ yí. Ṣé mítà ló ń purọ́?

Mítà kò purọ́, ìbéèrè tí ẹ bi í ló kéré. Okùn bàbà ẹyọ kan tó kù nínú wáyà tó ti jẹ lè gbé fólítì 12 dé iwájú mítà, nítorí mítà kì í fa nǹkan kan. Fáànù tó nílò ámpù 15 ni yóò tú àṣírí rẹ̀. Ẹ mú gílóòbù iná iwájú ọkọ̀, ẹ so ó sí ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Bó bá ràn rẹ́súrẹ́sú, ọ̀nà náà kò lè gbé ẹrù.

Jíìpù kan wá láti ọ̀nà Ìlobù báyìí, wọ́n ti ra sẹ́ńsọ̀ méjì àti fáànù kan fún un kó tó dọ́dọ̀ mi. Mo rí fólítì 12.4 ní sọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo ki fáànù bọ̀ ọ́, ó já sí 7. Mo fi ọwọ́ pupa gún ẹ̀yìn wáyà dúdú fáànù, ọwọ́ dúdú sórí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, mítà ka fólítì 4 ó lé níbi tí kò yẹ kó ti ju 0.2 lọ. Mo tọ wáyà náà dé abẹ́ bátìrì: bóòtù ẹ́ọ̀tì wà níbẹ̀, ọ̀dà tuntun tí wọ́n fi kun ọkọ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Mo fi yanrìn bébà ha á títí irin fi ń dán, mo dè é padà, fáànù sì fò sókè.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní apá pọ́sítíìfù náà: ọwọ́ pupa lórí bátìrì, ọwọ́ dúdú ní ẹ̀yìn wáyà tó ń gbé iná wọ fáànù, fáànù ní yíyí. Bó bá ju 0.5 lọ, ẹ máa sún ọwọ́ dúdú padà sẹ́yìn láti sọ́kẹ́ẹ̀tì sí rílè, sí fíúùsì. Ibi tí nọ́ńbà bá ti já lójijì, ẹ ti kọjá ibi tó bàjẹ́.

Fáànù méjèèjì kì í yí díẹ̀díẹ̀ mọ́. Ìgbà tí ooru bá pọ̀ jù nìkan ni ọ̀kan ń yí.

Nínú àwọn ọkọ̀ kan, fáànù méjèèjì máa ń pín iná kan náà ní tẹ̀léǹtẹ̀lé nígbà tí wọ́n bá ń lọ jẹ́jẹ́: iná gba inú ti àkọ́kọ́ kó tó dé èkejì. Bí ọ̀kan bá kú, méjèèjì á dákẹ́. Nígbà tí ooru bá ga, rílè á fún kálukú ní iná tirẹ̀, èyí tó wà láàyè á wá yí. Nítorí náà ẹ dán fáànù kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú àwọn mìíràn, irin ìdènà kan ló ń dín iná kù, òun ló sì máa ń jó.

Ọkọ̀ ń kú lójú gbágungbàgun, tó bá dúró sójú kan kò sí nǹkan tó ṣe é. Sẹ́ńsọ̀ wo ni?

Ẹ má dárúkọ sẹ́ńsọ̀ kankan ná. Ẹ sítáàtì rẹ̀, kí ẹ máa fa wáyà kọ̀ọ̀kan jẹ́jẹ́, kí ẹ máa mi sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ẹnìkejì ń wo sikáànì. Ibi tí wáyà ti ń fara nu irin ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ kọ́kọ́ dé.

Bó bá jẹ́ sẹ́ńsọ̀ kíráǹkì, èyí tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, lẹ ń fura sí, ẹ ka wáyà rẹ̀. Oníwáyà méjì sábà máa ń jẹ́ ti mágínẹ́ẹ̀tì, ẹ lè wọn óòmù rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn á wà láàárín 200 sí 1,500, ẹ sì tún wọ̀n ọ́n nígbà tó bá gbóná, torí ooru ló máa ń já a. Oníwáyà mẹ́ta sábà máa ń ní ẹ̀rọ kékeré nínú. Óòmù kò sọ òtítọ́ nípa rẹ̀. Iná tó ń wọlé, ẹ́ọ̀tì, àti iná tó ń jáde nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ni kí ẹ wọ̀n. Sẹ́ńsọ̀ ìtẹ̀mọ́lẹ̀ epo, èyí tó ń sọ bí ẹsẹ̀ ṣe tẹ epo tó, máa ń lọ láti bíi 0.5 sí 4.5 fólítì, ẹ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, kó gòkè láìfò.

Fáànù ọkọ̀ mi tuntun ní wáyà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kò sì ní rílè tó ń dún. Ṣé kí n so ó mọ́ bátìrì láti dán an wò?

Ẹ dúró ná. Àpótí kékeré kan wà lára irú fáànù bẹ́ẹ̀ tó ń dín iyára rẹ̀ kù tó sì ń fi kún un. Wáyà nínípọn méjì ni iná àti ẹ́ọ̀tì. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni ọpọlọ ọkọ̀ fi ń ránṣẹ́, iná tó ń tàn tó ń kú léraléra láàárín ìṣẹ́jú-àáyá ló sì ń gbà kọjá. Bí ẹ bá ti fólítì 12 bọ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ẹ lè pa àpótí náà, ẹ sì lè pa ọpọlọ ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ wọn wáyà nínípọn méjèèjì ní àkọ́kọ́ pẹ̀lú gílóòbù iná iwájú. Bí wọ́n bá gbé e dáadáa, ẹ fi sikáànì tó lè pàṣẹ sọ fún fáànù pé kó yí, kí ẹ máa wo wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ lórí mítà. Mítà lásán á fi fólítì kan tó wà láàárín hàn yín, nítorí ìpíndọ́gba ló ń kà. Bí nọ́ńbà yẹn bá ń yí padà nígbà tí ẹ yí àṣẹ padà, ọpọlọ ọkọ̀ ń sọ̀rọ̀. Bí fáànù kò bá wá dáhùn, àpótí tàbí fáànù náà ló kú, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni wọ́n ń ta méjèèjì pọ̀.